Ẹ Má Jẹ́ Ká Máa Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Ká Tó Kí Bàbá

Màámi, ẹ kú ilé o. Láti Lúgbè níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún mi kan ilẹ̀ dáadáa, bí eruku tilẹ̀ bo ilẹ̀ náà. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àìrí wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí Ìyá Kékeré, ìyàwó àbúrò Bàbá, torí mo mọ̀ pé òun ni yóò bá yín ka ìwé yìí. Ìyá Kékeré, mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibì kankan o. Mo mọ̀ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dun Màámi báyìí, ẹ̀yin a ní ojú ìwé náà ti ya. Kò ya. Ẹ kà á tán. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé àti ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sì kí Ẹ̀gbọ́n mi, Gàníyù. Àbújá kan náà la jọ wà, òun ní Jábì, èmi ní Lúgbè, síbẹ̀ ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti bára wa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ìwé náà nù bí ẹ bá rí orúkọ mi. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Ẹ ó ní kí ló dé tí Sìdí fi gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Orí fóònù ló sú mi. Ẹ̀gbọ́n a pè yín, ẹ ó gbà fún un. Èmi náà a pè yín, ẹ ó gbà fún èmi náà. Gbogbo wa lẹ ń gbà fún, Màámi, torí ẹ kò fẹ́ ká jà. Èwo wá ni ká mú níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbi tí gbogbo wa yóò ti rí i pa pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé báyìí kọ́ ni Sìdí wí. Ọ̀rọ̀ náà kò sì pọ̀: mi ò fẹ́ kí a ta ilé Bàbá. Mo gbọ́ pé àwọn tó fẹ́ rà á, tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé epo, ti ń dájọ́ tí wọn yóò wá. Mo sì gbọ́ pé ẹ ti ní ẹ ó tẹ̀ka fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí níbi iṣẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ẹnu géètì ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Páàkì ni àwọn ará ibí ń pè é, àmọ́ kì í ṣe irú páàkì ọkọ̀ tó wà ní Jábì, níbi tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ẹ wá bá mi wẹ ọmọ mi, Rúkà. Èyí tí mò ń wí yìí, odò ló gba àárín rẹ̀ kọjá. Igi ńláńlá wà létí odò náà, tó jẹ́ pé bí oòrùn ṣe mú tó lójú títì, bí ẹ bá ti wọ abẹ́ wọn, ara á tù yín. Ọlọ́lá a wá, mẹ̀kúnnù a wá, ọkọ àti ìyàwó tuntun a wá ya fọ́tò. Èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Bí mo bá já a tán, màá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fún ọ̀bọ ní búrẹ́dì. Wọn a ní àwọn ti gbọ́. Kò ní pẹ́ tí n ó fi gbọ́ igbe: ọ̀bọ ti gba búrẹ́dì, ó tún gba báàgì mọ́ ọn. Hẹn, àwọn ọ̀bọ yìí burú, Màámi! Ọ̀kan wà nínú wọn tí etí rẹ̀ kan ti gé, ó mọ ṣíípù báàgì í ṣí ju èmi lọ.

Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, lékeléke a wọ́ dé, wọn a bà sórí igi kan tó tẹ̀ sórí omi títí igi náà á fi funfun. Nígbàkigbà tí mo bá rí wọn, ọwọ́ mi á fẹ́ dìde fúnra rẹ̀ bíi ìgbà tí a wà lọ́mọdé, tí a ń na ìka sí wọn kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. Àgbàlagbà bíi tèmi! Ọ̀nì náà wà. Ó wà níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, ó máa ń la ẹnu sóòrùn bí ẹni tó ń retí oúnjẹ. Wọ́n fi wáyà yí ibùsùn rẹ̀ ká, wọ́n sì ri pátákó mọ́ ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lórí pátákó, ohun tó ń jẹ wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á láàmú. Ẹ rántí pátákó yìí, mò ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan wà tó máa ń wá síbẹ̀. Bàbá Gímbá là ń pè é. Ọmọ Gbágyi ni, àwọn tó ni ilẹ̀ Àbújá kí ìjọba tó dé. Àwọn ni obìnrin wọn kì í fi orí ru ẹrù, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Ẹ rí wọn nígbà tí ẹ wá, ẹnu sì yà yín. Mi ò gbọ́ Gbágyi, òun náà kò gbọ́ Yorùbá, Háúsá wẹ́rẹwẹ̀rẹ ni àwa méjèèjì fi ń yé ara wa. N ó kí i ní sànnu, á ní yauwa, á béèrè ọmọ mi, lẹ́yìn náà ni á wá fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó mú owó tíkẹ́ẹ̀tì jáde lápò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ó wá gbafẹ́ ni. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé kí ni bàbá arúgbó yìí fẹ́ fi ọ̀bọ ṣe. Ìgbà tó ń jáde ni mo bi í bóyá ó gbádùn ibẹ̀. Ó ní òun lọ kí bàbá òun ni. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, n kò rí bàbá kankan. Ló bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó sì ṣàlàyé.

Abúlé wọn ló wà níbi tí ọgbà yìí wà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ibi tí àwọn olówó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà nísinsìnyí, ibẹ̀ ni àwọn ìyá rẹ̀ ti ń rẹ gbágùúdá, ibẹ̀ ni òun sì ti kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ní nígbà náà, ọ̀nì pọ̀ lódò, kò sì sí pátákó kankan, àmọ́ kò sí ọmọdé tí kò mọ ibi tí a kì í dé. Ó ní bàbá òun rí erinmi níbẹ̀ rí, tó wá jẹ oko wọn lóru, òun fúnra òun kò rí i. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kó wọn kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n bá àwọn àgbà jókòó lábẹ́ igi àjàgbọn kan. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn òkè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn àgbà náà tẹnu mọ́: àwọn òkú wọn ńkọ́? Wọ́n dá wọn lóhùn pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan sàréè wọn, pé ìgbàkigbà tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n máa wá.

Òótọ́ ni wọ́n sì sọ, ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wá bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tó yá, wáyà dé, ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú wáyà náà tí èèyàn lè gbà wọlé. Nígbà tó tún yá, wọ́n dí àlàfo, wọ́n fi géètì sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì mọ̀ wọ́n. Ẹ̀ṣọ́ fẹ̀yìn tì. Tíkẹ́ẹ̀tì dé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi í wọgbà. Bí ẹ bá bi Bàbá Gímbá pé ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní mọ èyí tó máa mú.

Mo gbìyànjú láti máa jẹ́ kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá wa rí wa, ó sì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òfin kò mojú, pé bí òun bá gbà fún ẹyọ ẹnì kan, gbogbo abúlé ni yóò sọ pé àwọn ní òkú níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé wọ́n kúkú ní òkú níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí owó ilé-ìwé Rúkà, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Bí mo ṣe ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tó ń lọ kí bàbá rẹ̀ nìyẹn o. Ó ń tì mí lójú títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Àbújá pinnu pé ọgbà wa yìí ni a ó ti ṣe fàájì ìparí ọdún, Ẹ̀gbọ́n Gàníyù sì ni alága fàájì. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ẹ̀yin kò mọ bó ṣe rí, Màámi, kéèyàn wà nílùú tí ẹnikẹ́ni kò ti ń pè é ní Àjíkẹ́. Níbi tí mò ń gbé ní Lúgbè, ẹni tí ògiri wa jọ pààlà, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá Rúkà á ti jáde lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Ápò kí ilẹ̀ tó mọ́, á sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Kí n wá dédé gbọ́ ohùn ìlú wa lẹ́nu gbogbo èèyàn lábẹ́ igi kan! Ọ̀gá gbà mí láyè, ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá mi dúró sí géètì, mo sì wọ inú ọgbà bí àlejò.

Omi odò ti fà, yanrìn ti yọ létí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń tayò, àwọn ọmọ ń wa ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo, àwọn ìyá wọn ń fi Yorùbá bá wọn wí, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ èkejì rẹ̀. Àfi bí gáàsì tí wọ́n gbé wá ṣe kọ̀ tí kò tàn. Ìrẹsì ti wà nínú omi, ebi sì ti ń pa àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ní ṣé àwa la fẹ́ máa dúró de gáàsì? Ó ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ó ká apá jàlábíà funfun tó wọ̀, ó gba ẹ̀yìn igi kan lọ, ó sì kó òkúta dé. Òkúta náà dán, wọ́n rí róbótó, wọ́n dára fún ààrò. Ó ní òkìtì wọn ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò fífọ́ kan lórí wọn, pé ó jọ pé àwọn kan ti dáná níbẹ̀ rí. Gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀. Òkúta àti ìkòkò fífọ́, kí ni ọmọ Yorùbá yóò pè é bí kì í bá ṣe ààrò àtijọ́? Lójú tiwa, kí sàréè tó jẹ́ sàréè, ó gbọ́dọ̀ ní sìmẹ́ǹtì, kó ní táìsì, kí orúkọ wà lára rẹ̀. Èmi náà kò mọ̀, torí n kò tẹ̀ lé Bàbá Gímbá wọ inú ọgbà rí. Ẹnu géètì ni èmi máa ń wà.

Ìrẹsì ń hó lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ kékeré kan àti ike omi. Mo kí i ní sànnu. Kò ní yauwa. Ó ń wo iná. Ó bi mí pé níbo ni a ti rí àwọn òkúta yẹn. Ẹ̀gbọ́n tó gbọ́ Háúsá dáadáa fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn igi. Bàbá náà rọra sọ pé bàbá òun ló wà níbẹ̀.

Háà, Màámi! Ẹ̀rín ṣì wà lójú Ẹ̀gbọ́n, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Mo fi Yorùbá sọ fún àwọn tó kù. Ìyá kan sáré gbé omi láti fi pa iná náà. Bàbá Gímbá na ọwọ́ sókè. Ó ní rárá, pé nílé tiwọn, a kì í paná lábẹ́ oúnjẹ àlejò, pé bí a bá sì da omi sórí òkúta tó gbóná bẹ́ẹ̀, yóò là. Ó ní ká jẹ́ kó jinná. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọkọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń dúró.

Àwa náà dúró. Ìrẹsì ọ̀hún kọ̀, kò tètè jinná. Ọ̀bọ elétí kan sọ̀kalẹ̀ wá, ó jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó, kò sẹ́ni tó lé e. Àwọn ọmọ ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn ìyá wọn ń fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. Nígbà tó jinná, Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ bu ti bàbá náà kó tó bu ti ẹnikẹ́ni, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún un. Mo rò pé kò ní jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́. Ó ní ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti dáná ní àgbàlá bàbá òun. Obìnrin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi gèlè bojú, èmi ò tiẹ̀ bojú, mo kàn ń sunkún ni.

Nígbà tí òkúta tutù, Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn wọ́n. Òun ló kó wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá Gímbá ń fi èyí tó wà nísàlẹ̀ àti èyí tó wà lókè hàn án, èédú sì ba jàlábíà rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ìkòkò fífọ́ yẹn nìkan la ò rí. Ẹnì kan ti sọ ọ́ sódò nígbà tí a ń gbálẹ̀. Bàbá náà ní ìkòkò tí bàbá òun fi ń mumi ni. Àwọn ọkùnrin ká ṣòkòtò, wọ́n wọ inú omi, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Bí a ṣe ń jáde, a kọjá lára pátákó ọ̀nì. Ọ̀nì ní orúkọ, ọ̀nì ní wáyà, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má da ọ̀nì láàmú. Bàbá Bàbá Gímbá kò ní nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n ló wà mí dé Lúgbè lọ́jọ́ náà. Kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ti bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà mi ló wá sọ pé ó dáa tó jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì wà lórí sàréè Bàbá wa nílé, kò sẹ́ni tó lè ṣì í mọ̀. Ó ní àwọn tó fẹ́ ra ilé ti ṣèlérí pé àwọn yóò mọ odi kékeré yí i ká, àwọn yóò fi ọ̀nà sílẹ̀, ìgbàkigbà tó bá wù wá ni ká máa wá. Màámi, ọ̀rọ̀ kan náà! Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún àwọn àgbà abúlé lábẹ́ igi àjàgbọn nìyẹn, kò yẹ̀ rárá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní èmi ti lọ sílé ọkọ, pé kì í ṣe orí mi ni òrùlé náà ń jò sí, pé òun ni wọ́n máa ń pè nígbà tí ẹ bá ṣubú ní balùwẹ̀. Inú bí mi. Mo ní ó ti kó òkúta bàbá oníbàbá padà, ó fẹ́ lọ ta ti bàbá tirẹ̀. Ẹnu mi yìí! Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láì wẹ̀yìn.

Ẹ má rò pé mò ń bú u. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Láti ìgbà tí ẹ ti ṣubú yẹn, kò sùn dáadáa mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó fẹ́ mú yín wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Jábì, kí ẹ wà níbi tí ojú rẹ̀ ti tó yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí fún yín, torí òun kò ní sọ ọ́. Ó mọ́, ó tutù, omi kì í lọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Gbogbo wọn á jáde láàárọ̀, wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ yín torí olè. Ẹ ó máa wo títì láti ojú fèrèsé, ẹ ò ní mọ ẹnikẹ́ni lára àwọn tó ń kọjá. Ta ni ẹ máa bá jà? Ewúrẹ́ ta ni ẹ máa lé? Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àwa tí a wà lájò la mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá wá bá wa, tí a sì ti ta ilé, ọ̀dọ̀ ta ni gbogbo wa yóò máa lọ nígbà ọdún?

Ohun kan sì wà tí n kò lè sọ lórí fóònù. Àwọn kan níbi iṣẹ́ ní kí ló ń dùn mí, ṣebí àwọn Yorùbá náà máa ń jókòó lórí sàréè. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin gan-an, orí Bàbá lẹ máa ń sá gbodo tí ẹ fi ń ṣe èlùbọ́ sí, torí sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ máa ń tètè gbóná. Ibẹ̀ lẹ máa ń jókòó sí lọ́wọ́ àṣálẹ́ láti ṣa ẹ̀wà, tí ẹ ó máa ro ẹjọ́ wa fún un. Nígbà tí a wá kẹ́yìn, Rúkà gbọ́ tí ẹ ń bá Bàbá wí pé ewúrẹ́ jẹ gbodo lójú ẹ̀, kò lè lé e. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí gbà pé iṣẹ́ bàbá àgbà òun ni kó máa ṣọ́ iṣu. Yorùbá rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á ní kí n béèrè bóyá Bàbá lé ewúrẹ́ lónìí. Bí ilé epo bá wà níbẹ̀, kí ni kí n máa sọ fún un? Kì í ṣe jíjókòó la fi ń ṣẹ òkú. Àwa mọ ẹni tí a jókòó tì.

Nítorí náà, mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Mo ní màá lọ sílé, màá sì dúró ti ìyá mi títí òjò ọdún yìí yóò fi rọ̀ tán. Ó ní kò dájú pé iṣẹ́ géètì yóò ṣì wà fún mi bí mo bá dé. Mo ní kò burú. Bàbá Rúkà fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Òun náà á bá wa wá, á gun òrùlé náà, á wo ibi tó ti ń jò, á sì fi irin ìdìmú sí balùwẹ̀ yín kó tó padà. Mo lọ dágbére fún Bàbá Gímbá. Ó bi mí pé níbo ni bàbá tèmi wà. Mo ní ó wà níwájú ilé wa, lábẹ́ fèrèsé ìyá mi. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ó ka ibí yìí. Mo tọrọ àforíjì fún ohun tí mo sọ nínú ọkọ̀. Ẹ bá wa lọ sílé. Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín kó òkúta yẹn padà, mo rí ojú yín nígbà tí ẹ ń kó o.

Màámi, Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀ mọ́, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó jẹun ọmọ ọmọ. Ìyá Kékeré, mo kí yín, mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ibí. Ẹ kí àwọn ará ilé òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń kírun. Ẹ kí Bàbá, ẹ ní à ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Bí àwọn onílé epo bá sì dé kí n tó dé, ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì tẹ̀ka. Ẹ fún wọn lómi mu. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kó gbodo jáde, ẹ sá a sórí Bàbá, kí ẹ sì jókòó tì í. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dìde, ẹ ní kí wọ́n máa mú sùúrù, gbodo kò tíì gbẹ.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù Àjíkẹ́
Lúgbè, Àbújá